Kò Yẹ Kí Orílẹ̀-Èdè Fi Kọ́kọ́rọ́ Ilé Rẹ̀ Sí Àpò Ẹlòmíràn

ÀRÒKỌ ALÁRÌÍYÀNJIYÀN

Ìbéèrè: "Ewu ni fún ààbò orílẹ̀-èdè láti máa ra òòfà àti irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè." Kí ni èrò tìrẹ lórí ọ̀rọ̀ yìí?

Ìlapa èrò:
(a) Ìfáárà: ohun tí mo gbà gbọ́
(b) Ohun tí òòfà jẹ́ àti ibi tí a ti ń lò ó
(d) Ohun tí ojú àwọn ilẹ̀ òkèèrè ti rí
(e) Ohun tí ojú Nàìjíríà náà ti rí
(ẹ) Ohun tí àwọn alátakò ń sọ, àti èsì sí i
(f) Ohun tí ó yẹ kí a ṣe
(g) Ìkádìí

Àwọn àgbà a máa sọ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ó mọ ọ̀nà méjì sí ọjà, bí odò bá kún dí ọ̀kan, yóò gba èkejì lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ọ̀nà kan ṣoṣo, ọjọ́ tí odò bá kún ni yóò gbé igbá rẹ̀ padà sílé ní òfìfo. Orí òwe yìí ni n óò gbé èsì mi kà.

Èrò tèmi ni pé ríra ọjà láti òkèèrè kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kò sì sí orílẹ̀-èdè tí kì í ra ọjà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ohun tí ó jẹ́ ewu ni kí ó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ni a lè rà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí àwa fúnra wa má mọ bí a ti ń ṣe é, kí ohun náà sì jẹ́ èyí tí ọmọ ogun àti aráàlú kò lè ṣe aláìní. Orílẹ̀-èdè tí ó bá wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀ ti fi kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ sí àpò ẹlòmíràn. Bí ẹni náà bá tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lónìí, ta ni ó mọ ọ̀la?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Òòfà ni irin tàbí òkúta tí ó ń fa irin mọ́ra. Kò sí ọmọ tí ó dàgbà ní àdúgbò wa tí kò tíì fi òòfà ṣeré rí. Bí gbohùngbohùn rédíò bá bàjẹ́, àwọn ọmọdé a yọ òkúta dúdú róbótó tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, wọn a so okùn mọ́ ọn, wọn a máa wọ́ ọ kiri nínú yanrìn kí ó lè kó ìyẹ̀fun irin jọ. Irú òòfà bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀, kò sì wọ́n. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilẹ̀ ni ó lè ṣe é.

Ṣùgbọ́n irú kejì wà tí ó lágbára ju èyí lọ fíìfíì. Ní nǹkan bí ọdún 1983 ni Masato Sagawa ní ilẹ̀ Jàpáànù àti John Croat ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí oníkálùkù ń ṣe ìwádìí tirẹ̀ lọ́tọ̀, rí i pé bí a bá po èròjà kan tí a ń pè ní neodymium pọ̀ mọ́ irin àti boron, òòfà tí yóò jáde níbẹ̀ kò ní kò ju èékánná ọwọ́ lọ, síbẹ̀ agbára rẹ̀ yóò ju ti òkúta dúdú ńlá lọ. Irú òòfà yìí ni ó sọ ẹ̀rọ ńláńlá di kékeré. Òun ni ó ń bẹ nínú gbohùngbohùn fóònù tí ẹ ń gbé sétí. Òun ni ó ń bẹ nínú kọ̀ǹpútà, nínú alùpùpù tí ń fi iná mànàmáná rìn, àti nínú ẹ̀rọ tí ń yí apá dróònù. Òun àti irú rẹ̀ mìíràn tí a fi samarium àti cobalt ṣe, tí ooru kì í tètè bà jẹ́, ni ó ń bẹ nínú ọkọ̀ òfurufú ogun àti nínú àdó olóró tí ń wá ibi tí a rán an lọ.

Neodymium àti samarium wà lára èròjà mẹ́tàdínlógún kan tí àwọn onímọ̀ sọ ní èròjà ilẹ̀ ọ̀wọ́n. Orúkọ yìí lè ṣi ènìyàn lọ́nà, nítorí pé wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n nínú ilẹ̀. Ìyọsọ́tọ̀ wọn ni ó le. Inú òkúta kan náà ni gbogbo wọn máa ń wà, wọ́n sì jọra tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dà bí ẹni pé ènìyàn ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì tí òkúta àti ìrẹsì jọ jẹ́ àwọ̀ kan náà. Ó gba oògùn olóró, ó gba omi púpọ̀, ó gba sùúrù, ó sì gba ìmọ̀ ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà, ẹni tí ó ní ìmọ̀ ìyọsọ́tọ̀ yìí ni ó ní ọjà, kì í ṣe ẹni tí ó kàn ní òkúta.

Ẹ lè bi mí pé, "Kí ni gbogbo èyí kan ará Ajùwọ̀n sí?" Ìbéèrè náà dára. Ajùwọ̀n wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ní ẹnu ààlà Èkó gan-an. Kò sí ará Ajùwọ̀n kan tí ó jí ní òwúrọ̀ tí ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ń lọ ra òòfà ní Agége. Ṣùgbọ́n fóònù tí ó wà lápò rẹ̀, òòfà wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rọ sólà tí ń fa omi kànga tí gbogbo ojúlé ń pọn, òòfà wà nínú rẹ̀. Dróònù tí àwọn ọmọ ogun wa fi ń ṣọ́ igbó tí àwọn ajínigbé ń sá pamọ́ sí, òòfà wà nínú rẹ̀. A kì í rí i kí ó wọlé, nítorí pé inú ẹrù mìíràn ni ó ń gbà wọlé. Èyí gan-an ni ó mú kí ewu rẹ̀ pọ̀. Ohun tí ènìyàn kò rí, kì í múra sílẹ̀ dè é.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo bí ọjà náà ti rí. Nínú òòfà alágbára mẹ́wàá tí a ń ṣe ní ayé, nǹkan bíi mẹ́sàn-án ni ó ń ti ilẹ̀ Ṣáínà wá. Ẹ má ṣe rò pé ogun ni àwọn ará Ṣáínà fi gbà á. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti ní iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rí. Ibi ìwakùsà Mountain Pass ní California ni ó ń pèsè èyí tí ó pọ̀ jù nínú èròjà yìí fún gbogbo ayé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Iléeṣẹ́ General Motors náà dá iléeṣẹ́ òòfà sílẹ̀ ní ọdún 1986, ó sọ ọ́ ní Magnequench. Ní ọdún 1995, wọ́n ta iléeṣẹ́ yìí fún ẹgbẹ́ olówò kan tí àwọn ará Ṣáínà wà nínú rẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí iṣẹ́ náà fi kó kúrò ní Amẹ́ríkà lọ sí Ṣáínà. Ní ọdún 2002, Mountain Pass pẹ̀lú dáwọ́ dúró. Kí ni ìdí rẹ̀? Ọjà Ṣáínà dín lówó. Àwọn tí ó tà á rí èrè ọjọ́ kan, wọn kò rí ẹ̀yìn ọ̀la. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa ti kìlọ̀ pé ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ìlú tí ó kọ́kọ́ jẹ ìyà rẹ̀ ni Jàpáànù. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2010, ọkọ̀ apẹja Ṣáínà kan kọlu ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ ojú omi Jàpáànù nítòsí àwọn erékùṣù tí ilẹ̀ méjèèjì ń jà sí. Àwọn ará Jàpáànù mú ọ̀gá ọkọ̀ náà. Láìpẹ́, èròjà ilẹ̀ ọ̀wọ́n tí ó ń ti Ṣáínà lọ sí Jàpáànù kò dé mọ́ fún nǹkan bí oṣù méjì. Ìjà ẹja ni, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni ó dùn. Ẹ kíyè sí ohun tí Jàpáànù ṣe lẹ́yìn náà, nítorí pé ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún wa. Wọn kò jókòó sunkún. Wọ́n fi owó ran iléeṣẹ́ Lynas ti ilẹ̀ Ọsirélíà lọ́wọ́ kí ó lè máa wa èròjà náà fún wọn. Wọ́n kó púpọ̀ pa mọ́ sínú àká. Wọ́n wá ọgbọ́n tí wọn yóò fi máa lo díẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń lo púpọ̀. Títí di òní wọ́n ṣì ń ra púpọ̀ ní Ṣáínà, ṣùgbọ́n ó ti dín sí ti tẹ́lẹ̀ dáadáa. Iná èsìsì kì í jóni lẹ́ẹ̀mejì.

Amẹ́ríkà, tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lágbára jù lọ ní ayé, kò bọ́ nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, iléeṣẹ́ ológun wọn dá gbígba ọkọ̀ òfurufú ogun F-35 tuntun dúró nítorí pé wọ́n rí i pé irin tí a fi ṣe òòfà kékeré kan nínú rẹ̀ ti Ṣáínà wá, èyí tí òfin wọn kò gbà. Nígbà tí ó yá, wọ́n ní láti yọ̀ǹda rẹ̀. Ẹ wo ohun ìyanu: ọkọ̀ ogun tí a ṣe láti dojú kọ ọ̀tá kò lè gbéra láìsí ohun tí ó ti ilé ẹni tí wọ́n ń bẹ̀rù wá. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, nígbà tí Amẹ́ríkà gbé owó orí ẹrù Ṣáínà ga, Ṣáínà náà pàṣẹ pé èròjà méje nínú mẹ́tàdínlógún náà, àti òòfà tí a fi wọ́n ṣe, kò gbọdọ̀ jáde láìgba ìwé àṣẹ. Láàárín oṣù méjì, iléeṣẹ́ Ford ní Chicago ti iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, Suzuki ní Jàpáànù pàápàá dá ṣíṣe irú ọkọ̀ kan dúró. Ní oṣù keje ọdún náà, ìjọba Amẹ́ríkà ra ìpín nínú iléeṣẹ́ tí ó ti tún ṣí Mountain Pass. Ohun tí wọ́n fi owó kékeré tà, owó ńlá ni wọ́n fi ń wá a padà.

Bí ẹ̀yin òǹkàwé mi bá ń sọ lọ́kàn yín pé ìjà erin méjì ni èyí, tí kò kan èèrà, mo fẹ́ rán yín létí pé Nàìjíríà pẹ̀lú ti rìn ní ọ̀nà yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1967, ìjọba àpapọ̀ bẹ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ pé kí wọ́n ta ohun ìjà fún òun. Amẹ́ríkà kọ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ta ìbọn, ṣùgbọ́n kò fẹ́ ta ọkọ̀ òfurufú ogun. Ọ̀dọ̀ Rọ́ṣíà àti Czechoslovakia ni Nàìjíríà ti rí ọkọ̀ òfurufú rà. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wà, ìtàn ìbá yàtọ̀.

Ní ọdún 2014, nígbà tí àwọn Boko Haram ń gba ìlú lẹ́yìn ìlú ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn, Nàìjíríà fẹ́ ra àwọn hẹlikọ́pítà kan tí Amẹ́ríkà ṣe lọ́wọ́ ilẹ̀ Ísírẹ́lì. Amẹ́ríkà kò fọwọ́ sí i. Wọ́n ní àwọn kò fara mọ́ bí àwọn ọmọ ogun wa ti ń ṣe sí aráàlú. N kò sọ pé ìdí tí wọ́n sọ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ó ta ohun ìjà fún ọ ni yóò sọ ọjọ́ tí ìwọ yóò jà, àti bí ìwọ yóò ti jà á. Lẹ́yìn èyí, Amẹ́ríkà gbà láti ta ọkọ̀ òfurufú Super Tucano méjìlá fún wa. A fọwọ́ sí ìwé ọjà náà, a san owó tí ó sún mọ́ ìdajì bílíọ̀nù dọ́là, mẹ́fà àkọ́kọ́ kò sì dé títí di oṣù keje ọdún 2021. Ẹ ronú iye abúlé tí ó ti jóná láàárín ọdún 2014 sí 2021.

Èyí tí ó sún mọ́ ilé wa jù lọ ni ọ̀rọ̀ símẹ́ńtì. Ní ọdún 1974 sí 1975, nígbà tí owó epo ń rọ́ wọlé, ìjọba ológun Ọ̀gágun Yakubu Gowon ra símẹ́ńtì tí ó tó nǹkan bí ogún mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù láti òkèèrè. Iléeṣẹ́ Ètò Ààbò ni ó ra èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, láti fi kọ́ bárékè fún àwọn ọmọ ogun. Èbúté Èkó kò lágbára láti já ju ìdá kékeré nínú ẹrù yìí lọ lọ́dún kan. Ọkọ̀ ojú omi bẹ̀rẹ̀ sí í tò sójú òkun títí wọ́n fi ju irinwó lọ. Ojoojúmọ́ ni ìjọba ń san owó ìdúró fún àwọn ọlọ́kọ̀. Púpọ̀ nínú símẹ́ńtì náà di òkúta nínú ọkọ̀, nígbà tí oúnjẹ àti oògùn tí ó wà nínú àwọn ọkọ̀ yòókù kò rí ibi gbà kọjá. Ohun tí a rà nítorí ààbò ni ó dí ẹnu ọ̀nà ilé pa.

Ṣé ilẹ̀ wa kò ní òkúta tí a fi ń ṣe símẹ́ńtì ni? Ó ní in. Láti ọdún 1960 ni iléeṣẹ́ símẹ́ńtì ti wà ní Ewékorò, tí kò jìnnà sí Ìfọ̀ rárá. Òkúta ẹfun wà nílẹ̀ lọ rẹpẹtẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí à ń ṣe nílẹ̀ wa kò tó. Nígbà tí a jí lójú oorun, iléeṣẹ́ Ṣàgámù bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1978. Nígbà tí ó pẹ́ títí, ti Dangote ní ilẹ̀ Yewa bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2012. Lónìí, Nàìjíríà ń ṣe símẹ́ńtì tí ó tó o, ó sì ń tà á fún àwọn aládùúgbò rẹ̀. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá wí pé a kò lè ṣe ohun tí à ń rà, kí ó wọ ọkọ̀ láti Ajùwọ̀n lọ sí Ewékorò, kí ó lọ fi ojú ara rẹ̀ wò ó.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí orí òòfà. Èròjà ilẹ̀ ọ̀wọ́n ń bẹ ní Nàìjíríà. Nínú yanrìn tí àwọn tí ń wa tánńganran ní Jọ́ọ̀sì ń dà sẹ́yìn, ohun kan wà tí a ń pè ní monazite, tí neodymium wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni òkìtì yanrìn yìí ti wà níbẹ̀. Èròjà thorium tí ó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú sì ní ìtànṣán tí ó lè pa àwọn tí ń gbé nítòsí lára. Ìyẹn ni pé, ewu rẹ̀ ni àwa ń jẹ, àǹfààní rẹ̀ kò tíì tó wa lọ́wọ́.

Ní Jọ́ọ̀sì yìí kan náà, ohun mìíràn ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní nǹkan bí ọdún 1950, Nàìjíríà ni ó ń pèsè èyí tí ó pọ̀ jù nínú columbite gbogbo ayé. Columbite ni a fi ń ṣe irin tí ooru ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú ogun kò lè ṣe ní nǹkan. Ní àkókò ogun Kòríà, Amẹ́ríkà san owó gọbọi láti kó o pa mọ́ sínú àká. Nígbà tí àká wọn kún ní ọdún 1955, wọ́n dẹ́kun, ọjà náà sì ṣubú lulẹ̀. Àwọn mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ààbò ni. Àwa rò pé ọ̀rọ̀ yanrìn lásán ni. Òkúta lọ, ìmọ̀ kò dé, ihò nìkan ni ó kù.

Ẹ má sì jẹ́ kí a gbàgbé irin. Nínú òòfà neodymium, irin gan-an ni ó pọ̀ jù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀. Iléeṣẹ́ irin Àjàòkúta, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1979, kò tíì yọ́ irin tútù inú òkúta di irin títí di òní. Ẹni tí kò ní igi ìdáná kò gbọdọ̀ máa ṣàròyé pé iyọ̀ ni kò jẹ́ kí ọbẹ̀ òun jinná.

Mo mọ̀ pé àwọn alátakò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Àwọn kan yóò wí pé, "Ọjà òkèèrè dín lówó. Kí ni a fẹ́ fi wàhálà ṣe?" Òótọ́ ni pé ó dín lówó. Ó dín lówó fún Amẹ́ríkà náà ní ọdún 1995. Iye tí a kọ sára ọjà kọ́ ni gbogbo iye rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ iye tí nǹkan jẹ́ gan-an, kí ó béèrè iye tí yóò san ní ọjọ́ tí ẹni tí ń tà á bá tilẹ̀kùn.

Àwọn mìíràn yóò wí pé, "Ó dára, ẹ jẹ́ kí a ti ẹnu ibodè pa, kí a má ra ohunkóhun mọ́." N kò bá wọn lọ. Àwa ará Ìpínlẹ̀ Ògùn mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ibodè Ìdí-Ìrókò. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ ti àwọn ibodè orí ilẹ̀ pa, pàápàá nítorí ìrẹsì. Ìrẹsì abẹ́lé kò tíì pọ̀ tó nígbà náà. Owó oúnjẹ gòkè, àwọn oníṣòwò tí kò ṣẹ̀ jìyà, ọdún 2022 sì ti wọ̀ kí a tó ṣí Ìdí-Ìrókò padà. Ẹni tí kò tíì gbin iṣu kò gbọdọ̀ dáná sun ọ̀nà ọjà.

Àwọn ẹ̀kẹta yóò fi símẹ́ńtì náà mú mi. Wọn yóò wí pé, "Ṣebí a ń ṣe símẹ́ńtì fúnra wa báyìí, èé ti ṣe tí ó ṣì wọ́n?" Ọ̀rọ̀ wọn ní ìtumọ̀. Bí iléeṣẹ́ abẹ́lé kò bá ju méjì mẹ́ta lọ, àwọn náà lè máa pa owó lé ọjà bí ó ti wù wọ́n. Ṣùgbọ́n kàkà kí èyí tako ọ̀rọ̀ mi, ṣe ni ó gbè é lẹ́yìn. Ohun tí mo bá wí láti ìbẹ̀rẹ̀ ni gbígbára lé ẹnì kan ṣoṣo, ìbáà jẹ́ àlejò, ìbáà jẹ́ ọmọ ilé. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bí ọ̀nà náà tilẹ̀ gba ẹ̀yìnkùlé wa kọjá. Síbẹ̀, ọmọ ilé ní òfin tí a lè fi mú un. Àlejò kò ní in.

Kí ni ó wá yẹ kí a ṣe? Èkíní, ìjọba gbọ́dọ̀ kọ orúkọ gbogbo ohun tí ààbò wa rọ̀ mọ́ sílẹ̀, láti orí òòfà dé orí oògùn ìbà, kí ó sì béèrè lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan pé: "Ilẹ̀ mélòó ni a ti lè rà á? Oṣù mélòó ni èyí tí ó wà nílẹ̀ lè gbé wa?" Ohun tí ẹnì kan ṣoṣo bá ń tà fún wa, kí a wá ẹnì kejì kí ó tó di ọjọ́ ìjà.

Èkejì, kí a dẹ́kun títa òkúta tútù. Ní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ sọ pé ẹni tí ó bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ tuntun láti wa kùsà gbọ́dọ̀ fi hàn bí òun yóò ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ní ilé kí ó tó kó o jáde. Ọ̀rọ̀ náà dára. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í kún agbọ̀n. Kí a rí i pé ó ṣẹ, kí àwọn tí ń gbé nídìí kùsà náà má sì ṣe jìyà omi àti ilẹ̀ tí ó bàjẹ́.

Ẹ̀kẹta, kí a máa tọ́jú èyí tí ó ti wọlé. Ní ọjà kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà, àti lọ́dọ̀ àwọn tí ń ra àlòkù irin kiri ní Ajùwọ̀n àti Akútẹ, kọ̀ǹpútà àtijọ́ ń kú lójoojúmọ́. Òòfà tí ó wà nínú wọn kò kú. A ń dà wọ́n nù, tàbí kí a fi wọ́n ránṣẹ́ sókè òkun gẹ́gẹ́ bí ìdọ̀tí. Ìdọ̀tí wa ni ohun ìṣúra ẹlòmíràn.

Ẹ̀kẹrin, tí ó sì ṣe pàtàkì jù, ni ìmọ̀. A lè ra ẹ̀rọ, a lè yá owó, ṣùgbọ́n a kò lè yá ọgbọ́n tí ó wà lọ́wọ́ oníṣẹ́. Ohun tí Ṣáínà ní kì í ṣe òkúta nìkan. Ó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún onímọ̀ tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ bí a ti ń ya èròjà kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò lọ́wọ́, ìhín ni ọ̀rọ̀ ti kàn yín. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ń sá fún Kẹ́mísírì àti Físíìsì nítorí pé wọ́n le. Wọ́n le lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n le ni àwọn tí ó mọ̀ wọ́n fi lè pàṣẹ fún àwọn tí kò mọ̀ wọ́n. Ọmọ tí ó fi òòfà kó ìyẹ̀fun irin jọ nínú yanrìn Ajùwọ̀n, tí ó béèrè ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀, tí kò sì dẹ́kun bíbéèrè, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ogun tí a nílò.

Ní ìparí, mo fara mọ́ ọn pé ewu ni, pẹ̀lú àtúnṣe kan. Ríra nǹkan kọ́ ni ewu náà. Ewu ni kí a máa rà láìmọ̀, kí a máa rà lọ́wọ́ ẹnì kan, kí a sì máa rà títí láé. Jàpáànù rí i ní ọdún 2010, ó sì gbọ́n. Amẹ́ríkà kò gbọ́n títí di ìgbà tí ó tún kàn án. Àwa rí i ní ojú òkun Èkó ní ọdún 1975, a rí i ní Bọ̀rnó ní ọdún 2014. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ jẹ́ kí a gba kọ́kọ́rọ́ ilé wa padà ní wọ́rọ́wọ́, nígbà tí ẹni tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣì ń bá wa rẹ́rìn-ín.